Mo Fọwọ́ sí Gọ́tà tí N Kò Rìn Dé Òpin

Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé wọn ló ní kí n wá sọ bí iṣẹ́ tí mo ṣe ṣe rí, kí àwọn lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ ìjọba á bá àwọn lára mu. Mo sọ díẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ náà, àmọ́ nígbà tí mo délé, mo rí i pé èyí tó ṣe pàtàkì ni n kò sọ. Òun ni mo jókòó kọ yìí.

Abọ́sẹ̀dé ni orúkọ mi. Ìyá Dékúnlé ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò wa ní Èjìgbò. Ọmọ Èkìtì ni bàbá àti ìyá mi, ṣùgbọ́n Ìsọlọ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti kàwé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní káńsù kan ní agbègbè yìí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn níbẹ̀ ṣì wà láyé.

Iṣẹ́ mi kò ní orúkọ tí èèyàn gbogbo mọ̀. Nọ́ọ̀sì á ní nọ́ọ̀sì lòun, tíṣà á ní tíṣà lòun, ọ̀rọ̀ bùṣe. Èmi ní láti ṣàlàyé. Ìjọba kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá títì, kì í sì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ṣáláńgá fún ilé ìwé. Agbaṣẹ́ṣe ló máa ń gbé e fún. Wọ́n á jọ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé iṣẹ́ báyìí, ní ibi báyìí, lọ́nà báyìí, títí di ọjọ́ báyìí. Èmi ni mo máa ń lọ wò ó bóyá ohun tó wà nínú ìwé náà ló wà lójú iṣẹ́. Tí mo bá fọwọ́ sí i, wọ́n á sanwó fún agbaṣẹ́ṣe. Tí n kò bá fọwọ́ sí i, á padà lọ tún un ṣe. Kí màmá mi tó kú, wọ́n máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn pé ọlọ́pàá tí kì í wọ aṣọ ọlọ́pàá ni mí. N kò bá wọn jiyàn.

Kò sí ìtàn púpọ̀ nínú bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà. Mo kọ lẹ́tà, wọ́n pè mí, wọ́n bi mí ní ìbéèrè, wọ́n gbà mí. Owó oṣù rẹ̀ kò pọ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kò sì pọ̀ nígbà tí mo ń lọ. Tíṣà ni ọkọ mi, a jọ ń fà á ni. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀.

Ẹni tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ ni Ọ̀gá Adéríbigbé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ilé wọn wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọn kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Fún oṣù mẹ́ta gbáko, wọn kò jẹ́ kí n dé ojú iṣẹ́ kankan. Ìwé àdéhùn ni wọ́n ń kó fún mi kà. Tí mo bá ka ọ̀kan tán, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n á pa á dé, wọ́n á wá bi mí pé, "Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kó ìdọ̀tí ọjà náà?"

"Mo rò pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni, sà."

Wọ́n á dá ìwé náà padà sí iwájú mi. "Máa rò ó lọ. Tó o bá ti mọ̀ ọ́n, wá bá mi."

Ìgbà tí wọ́n wá jẹ́ kí n jáde, ẹ̀gbẹ́ títì lápá Apákun ni wọ́n rán mi lọ, kí n lọ wo àwọn tí wọ́n gbà láti máa gbálẹ̀ ibẹ̀. Mo lọ, mo rí i pé ilẹ̀ mọ́, inú mi dùn, mo padà wá kọ ọ́ sínú ìwé pé: Iṣẹ́ náà dára. Ọ̀gá kà á. Wọ́n fà á ya sí méjì, jẹ́jẹ́, láìbínú.

"Dára báwo?"

"Ilẹ̀ mọ́, sà."

"Aago mélòó lo débẹ̀?"

"Aago mẹ́wàá, sà."

"Ìwé àdéhùn ní kí wọ́n ti gbá a tán kí aago méje tó lù. Ìwọ dé ní aago mẹ́wàá. Báwo lo ṣe mọ̀ pé àwọn tá a gbéṣẹ́ fún ló gbá a, pé kì í ṣe àwọn tó ń tajà ló gbá iwájú ara wọn?"

Wọ́n kó ìwé tó ya náà fún mi.

"Padà lọ lọ́la. Má kọ ohun tó o rò. Má kọ ohun tí wọ́n sọ fún ẹ. Ohun tó o rí ni kó o kọ, àti aago tó o rí i, àti ibi tó o dúró sí."

Lọ́jọ́ kejì, kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù ni mo ti wà níbẹ̀. Àwọn ọlọ́jà ni mo bá tí wọ́n ń gbálẹ̀ lóòótọ́. Obìnrin kan tó ń ta bàtà òkìrìkà ní òun kò rí ẹni tó ń gbálẹ̀ fún káńsù láti bí oṣù kan. Mo kọ ohun tí mo rí sílẹ̀, ojú ìwé méjì. Wọ́n pe agbaṣẹ́ṣe náà, wọ́n gbé ìwé mi síwájú rẹ̀. Lójú mi, mo ti mú un. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà wò wọ́n lójú, ó ní káńsù ló ní àwọn á máa fi mọ́tò wá kó ìdọ̀tí náà lọ, pé mọ́tò kò wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pé níbo ni kí àwọn òṣìṣẹ́ òun máa da ohun tí wọ́n bá gbá sí? Ọ̀gá ṣí ìwé àdéhùn. Ó wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá kọ, àwọn tiwa tó ń bójú tó mọ́tò ni wọ́n kọ ọ́ sí, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó kọ ti agbaṣẹ́ṣe.

Ó dùn mí. Mo ní, "Sà, ṣé ti agbaṣẹ́ṣe là ń ṣe ni?"

Wọ́n ní, "Ti ìwé àdéhùn là ń ṣe. Àwa náà fọwọ́ sí i."

Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ìgbà kan wà tí agbaṣẹ́ṣe kan gbé mínírà tútù fún mi lójú iṣẹ́ ní Òṣòdì, oòrùn mú, mo gbà á, mo mu ún. Mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́ ní ọ́fíìsì, n kò rò pé nǹkan kan ni. Ọ̀gá ní kí n lọ ra irú mínírà kan náà, kí n gbé e padà lọ fún ọkùnrin náà. Mo wọ mọ́tò láti Ìsọlọ̀, mo gbé mínírà dání bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ọmọdé. Ọkùnrin náà rò pé mo ya wèrè. Láti ọjọ́ náà, omi mi máa ń wà nínú báàgì mi.

Òmíràn ni ti ṣáláńgá tí wọ́n gbẹ́ fún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Èjìgbò. Òkè rẹ̀ dùn ún wò. Wọ́n ti kùn ún, wọ́n ti fi ilẹ̀kùn sí i. Ọ̀gá ní kí n wá igi gígùn kan, kí n tì í sínú ihò náà. Kò tíì wọlé dé ìdajì ohun tí ìwé àdéhùn sọ tó fi kanlẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe ní òkúta ló wà nísàlẹ̀. Ọ̀gá bọ́ bàtà, wọ́n ká ṣòkòtò, wọ́n ní kí wọ́n gbé àkàsọ̀ wá, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò náà fúnra wọn. Erùpẹ̀ ni wọ́n bù jáde. Wọ́n dà á sórí tábìlì hẹdimásítà. Agbaṣẹ́ṣe tún ihò náà gbẹ́.

Nígbà tí Ọ̀gá fẹ̀yìn tì, èmi ni wọ́n fi sípò wọn. Mo ti lé lọ́dún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ náà nígbà yẹn. Mo mọ gbogbo agbaṣẹ́ṣe tó ń bá wa ṣe, mo mọ ẹni tó ń purọ́, mo mọ ẹni tó ṣeé fọkàn tán. Ẹni tó ṣeé fọkàn tán jù lọ nínú wọn ni Alhaji Wàhábì. Ìdílé oníṣòwò láti apá Ọ̀yọ́ ló ti wá, kì í yẹ ọjọ́, kì í jiyàn. Ọdún mẹ́rin léraléra ló fi bá wa kó gọ́tà, n kò rí àléébù kan níbẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, mo rin gbogbo gọ́tà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ọdún kejì, mo rin èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Gọ́tà kan wà lápá Àìlégùn tó gba iwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù lọ, tó wá ṣẹ́rí sí ẹ̀yìn àwọn ilé kan kó tó wọnú ihò kọnkéré tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún karùn-ún, Alhaji ní iṣẹ́ ti parí. Mo lọ wò ó ní ọjọ́ kan tí ọmọbìnrin mi ní eré nílé ìwé, tó fẹ́ kí n wá wo òun. Mo rìn láti ìbẹ̀rẹ̀, mo wọn jíjìn rẹ̀ ní ibi mẹ́ta, ó péye. Nígbà tí mo dé ibi tí gọ́tà ti ṣẹ́rí, mo wo aago.

Alhaji ní, "Ẹ̀yìn ibẹ̀ náà ti mọ́, Àǹtí. Bó ṣe rí níbí ló rí lọ́hùn-ún."

Mo gbé ìwé náà lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò rẹ̀, mo fọwọ́ sí i, mo lọ wo eré ọmọ mi.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn náà tí òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀. Ìdájí ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ àárọ̀, omi ti kún inú àwọn ilé tó wà lẹ́yìn ibẹ̀. Aránṣọ kan ń gbé nínú ọ̀kan nínú wọn, Ìyá Súlíà ni wọ́n ń pè é. Òun àti ọmọ rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ ló ń gbé yàrá méjì, ìkan nínú yàrá náà ló fi ń ránṣọ. Ó ti mú Súlíà lọ sílé ìwé. Ìyá rẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́ ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà tí Ìyá Súlíà padà dé, kò lè wọ àdúgbò náà mọ́. Àwọn aládùúgbò ló já fèrèsé tí wọ́n fi gbé ìyá àgbà jáde. Omi ti dé àyà ìyá náà. Wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù.

Ọ̀gá àgbà wa pè mí ní ọjọ́ kejì. Wọ́n ní, "Àwọn èèyàn ń pariwo. Ìwọ lo fọwọ́ sí gọ́tà yẹn, àbí? Kọ ìwé kan wá pé lẹ́yìn tó o fọwọ́ sí i ni àwọn aládùúgbò da ìdọ̀tí sí i. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé wọ́n ń dà á."

Òótọ́ ni pé wọ́n ń dà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kọ ọ́. Mo tiẹ̀ ti mú bírò. Mo wá sọ fún ara mi pé kí n kọ́kọ́ lọ wò ó.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ibi tí mo dúró sí lọ́jọ́ tí mo fọwọ́ sí i. Kò pé ọgọ́fà ìṣísẹ̀ tí mo fi dé òpin rẹ̀. Ẹnu ihò kọnkéré náà ti dí pátápátá. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, táyà wà níbẹ̀, yanrìn ti gan mọ́ ara wọn. Koríko ti hù lórí yanrìn náà, ó ti ga dé orúnkún mi, ó ti yọ òdòdó. Koríko kì í ga tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sẹ́ni tó kó ibẹ̀ rárá lọ́dún náà. N kò lè sọ pé n kò rí i mọ́.

Láti ibẹ̀ ni mo ti rí Ìyá Súlíà ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ méjèèjì síta sínú oòrùn, ó ń fi àkísà gbẹ irin wọn. Aṣọ àwọn oníbàárà kún orí okùn, gbogbo rẹ̀ ní àbàwọ́n ẹrẹ̀. Mo kí i, mo sọ ibi tí mo ti wá.

Ó ní, "Àwọn ará káńsù ti wá lánàá. Wọ́n ní àwa la da ìdọ̀tí dí i."

"Kì í ṣe ẹ̀yin. Wọn kò kó ibẹ̀ rárá. Èmi ni mo fọwọ́ sí i pé wọ́n ti kó o."

Ó gbójú sókè wò mí. "Ṣé ẹ wá wò ó kí ẹ tó fọwọ́ sí i?"

"Mo wá dé ibi kọ́nà tó wà níwájú yẹn. N kò dé ẹ̀yìn ilé yín."

"Kí ló dé?"

"Ọmọ mi ní eré nílé ìwé lọ́jọ́ náà. Mo ń kánjú."

"Ṣé ẹ bá eré náà?"

"Mo bá a."

"Ó dáa," ló wí, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti bínú sí mi lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára bí "ó dáa" yẹn.

Mo padà sí ọ́fíìsì, mo kọ ohun tí mo rí, aago tí mo rí i, àti ibi tí mo dúró sí. Mo kọ ti koríko. Mo kọ ọ́ pé mo fọwọ́ sí gọ́tà tí n kò rìn dé òpin. Ọ̀gá àgbà kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, "Ṣé o mọ ohun tí ìwé yìí máa ṣe fún ẹ?" Mo ní mo mọ̀. N kò mọ̀ tán, ká sòótọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn òjò náà ni ìyá àgbà kú sí ọsibítù. Omi ti wọ ẹ̀dọ̀fóró wọn. Àwọn kan ní ọjọ́ orí ni. Mo lọ síbi ìsìnkú, mo dúró lẹ́yìn, n kò jẹ́ kí Ìyá Súlíà rí mi.

Wọ́n mú orúkọ Alhaji Wàhábì kúrò nínú àwọn tó lè bá káńsù ṣiṣẹ́. Mo rò pé á máa bínú sí mi. Ó wá sílé mi ní ọjọ́ Sátidé kan, ó jókòó, kò fẹ́ mu nǹkan kan. Ó ní, "Àǹtí, ẹnì kan ni mo gbé apá ẹ̀yìn yẹn fún. Òun ló sọ fún mi pé ó ti tán. Èmi náà kò lọ wò ó." Ó ti kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ti kó gbogbo ẹ̀yìn náà dé inú ihò kọnkéré, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ yẹn, mo bá a rìn ín dé òpin.

Wọ́n gbé èmi lọ sí sítọ́ọ̀ tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí. Ọdún méjì ni mo fi ń ka ìgbálẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì. Àwọn tí wọ́n ń pè mí ní ọ̀gá tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi láti òkèèrè. Mo rò ó pé kí n fiṣẹ́ sílẹ̀, ọkọ mi ní kí n ṣe sùúrù, nítorí owó ilé ìwé àwọn ọmọ ni mo sì ṣe dúró. N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ọkàn akin ni.

Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n gbé ọ̀gá àgbà tuntun wá, obìnrin tí mo fi ọdún mẹ́jọ jù lọ, Ìyáàfin Tìjání. Ó ń ka fáìlì àtijọ́ nígbà tó bá ìwé tí mo kọ pàdé. Ó ránṣẹ́ pè mí.

"Ẹ̀yin lẹ kọ èyí, mà?"

"Èmi ni."

"Kí lẹ rò pé á jẹ́ kí irú rẹ̀ má ṣẹlẹ̀ mọ́?"

Mo ti rò ó fún ọdún méjì láàárín àwọn ìgbálẹ̀. Mo ní kí ẹni tó ń gbé ní òpin iṣẹ́ náà máa kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí èmi tó fọwọ́ sí i. Ó gbà, ó sì dá mi padà sípò mi. Àwọn agbaṣẹ́ṣe kò gbà. Wọ́n ní àwọn ará àdúgbò á máa gba rìbá kí wọ́n tó fọwọ́ sí nǹkan, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá. A wá fi kún un pé ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kò gbọdọ̀ jẹ́ ilé kan.

Èmi ni mo gbé fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ lọ sí Àìlégùn. Mo kan ilẹ̀kùn Ìyá Súlíà. Ó ní òun kò ní àyè. Mo tún padà lọ, ó ní kí n wá ẹlòmíràn. Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó gba fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó sókè sódò.

"Òyìnbó ni gbogbo eléyìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ lọ kọ ọ́ ní Yorùbá. N ò ní fọwọ́ sí ohun tí n ò lè kà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lè kà á, ẹ ò rí ohun tẹ́ ẹ ṣe."

Mo lọ kọ ọ́ ní Yorùbá. Ìbéèrè márùn-ún ni, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Títí mo fi fẹ̀yìn tì, fọ́ọ̀mù yẹn la ń lò, Ìyá Súlíà ló sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló dá agbaṣẹ́ṣe tuntun padà kó tó fọwọ́ sí i. Ọkùnrin náà wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn mí. Mo bi í pé ṣé ibi tó tọ́ka sí mọ́ tàbí kò mọ́. Ó ní kò mọ́. Mo ní kó lọ kó o.

Èmi àti Ìyá Súlíà kò di ọ̀rẹ́. Ó máa ń dá mi lóhùn bí iṣẹ́ bá pa wá pọ̀, ó mọ níwọ̀n bẹ́ẹ̀.

Ẹ óò fẹ́ gbọ́ nípa irinṣẹ́, nítorí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, fóònù lẹ fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Tépù ìwọnlẹ̀, igi gígùn, bírò àti agbòjò ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kámẹ́rà dé, tí a máa ń dúró de ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó fọ fọ́tò. Nígbà tó yá, àwọn agbaṣẹ́ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wa lórí wáásáàpù. Àwọn tí mò ń darí fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ kì í dùn wọ́n mọ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé fọ́tò ojú títì kan ní Apákun wá bá mi, ilẹ̀ mọ́ fefe, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i. Igi máńgòrò kan wà ní igun fọ́tò náà. Atẹ́gùn ti wó igi yẹn láti bí oṣù mẹ́rin. Fọ́tò ọdún tó kọjá ni agbaṣẹ́ṣe náà tún fi ránṣẹ́. Nígbà tí mo pè é, ó ní àṣìṣe ọmọ iṣẹ́ òun ni.

Ní báyìí, fóònù á kọ aago àti ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò sí i lára. Ó dáa, n kò bá a jà. Mo kàn máa ń sọ fún wọn pé fọ́tò kì í rùn, gọ́tà máa ń rùn, kí wọ́n lọ gbóòórùn rẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo fi kẹ́yìn ni mo fẹ́ sọ gbẹ̀yìn. Oṣù tí mo máa fẹ̀yìn tì ni àdéhùn ilé iṣẹ́ kan tó ń bá wa tọ́jú ilé ìlera kan parí. Wọ́n fẹ́ kí a tún un ṣe fún wọn, ìwé tí mo bá kọ ló máa sọ bóyá wọ́n yẹ. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán. Obìnrin mẹ́fà ló ń fọ̀ ọ́. Mo ní kí n rí ọwọ́ wọn. Ara ọwọ́ wọn ti bó, ti àwọn kan ti ṣẹ̀jẹ̀. Ìwé àdéhùn ní kí ilé iṣẹ́ náà máa fún wọn ní ìbọ̀wọ́ rọ́bà, nítorí abẹ́rẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń kó níbẹ̀.

Mo ní, "Ìbọ̀wọ́ yín ńkọ́?"

Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn, Ìyá Bùkọ́lá, ló dáhùn. "Wọ́n ń fún wa, mà."

"Ẹ jẹ́ kí n rí ọ̀kan."

Kò sẹ́ni tó mú ọ̀kan jáde. Ìyá Bùkọ́lá wá rọra sọ fún mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n ní tá a bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ gbogbo wa. Ẹ bá wa kọ ọ́ pé wọ́n ń fún wa."

Ní ọ́fíìsì, àwọn èèyàn ní kí n má fi ìjà parí iṣẹ́. Wọ́n ti ń palẹ̀ ìdágbére mi mọ́, wọ́n ti ra kéèkì. Ẹnì kan ní kí n fi ìwé náà sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Mo kọ ọ́ pé n kò rí ìbọ̀wọ́ kankan, mo sì kọ bí ọwọ́ wọn ṣe rí. Mo fi kún un pé ilé iṣẹ́ tó bá gba iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ gba àwọn obìnrin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà. Mo fọwọ́ sí i, mo lọ jẹ kéèkì.

Wọn kò tún àdéhùn náà ṣe fún ilé iṣẹ́ yẹn. Oṣù méjì ni ó gba káńsù kí wọ́n tó rí òmíràn, oṣù méjì yẹn sì ni àwọn obìnrin náà fi jókòó sílé. Ilé iṣẹ́ tuntun gba márùn-ún padà, ó sì fún wọn ní ìbọ̀wọ́. Mo lọ wò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Wọn kò gba Ìyá Bùkọ́lá, wọ́n ní ó ti dàgbà jù. Mo kọ lẹ́tà, mo lọ bá wọn fúnra mi, wọn kò yí ohùn padà.

Kò jìnnà sí wa ní Èjìgbò ló ń gbé. Ó ń ta ọṣẹ níwájú ilé rẹ̀ báyìí. Ọwọ́ rẹ̀ ti jinná. Tí mo bá ń kọjá, mo máa ń dúró kí i, mo máa ń ra ọṣẹ. Lọ́jọ́ mìíràn á béèrè àwọn ọmọ mi, a ó sì sọ̀rọ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, á kàn gba owó, á wo ibòmíràn títí mo fi lọ.